"Bí" inú lọ́jíìkì kì í ṣe "torí pé"

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Mo ń kọ́ lọ́jíìkì fúnra mi nítorí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe. Ìwé tí mò ń kà ní òótọ́ ni gbólóhùn yìí: "Bí òṣùpá bá jẹ́ irin, òkúta ń fò," nítorí pé òṣùpá kì í ṣe irin. Ọ̀rẹ́ mi wá ní lọ́jíìkì ń sọ irọ́ di òótọ́ nìyẹn, pé ẹni tó bá ti fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ lè fìdí ohunkóhun múlẹ̀. Ṣé kí n pa á tì?

Ìdáhùn: Ẹ má pa á tì. Ó ti pẹ́ tí irú ìbéèrè yìí ti ń dé ọ̀dọ̀ mi, ohun tó sì ń bí mi nínú ni pé àwọn kan tó ń gbowó kọ́ni ní lọ́jíìkì náà ń sọ ohun tí ọ̀rẹ́ yín sọ.

Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ìwé yín kò sọ pé òkúta ń fò. Odindi gbólóhùn náà, láti "bí" títí dé "fò," ló pè ní òótọ́. Kí "òkúta ń fò" tó lè dá dúró fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé irin ni òṣùpá lóòótọ́, ẹ kò sì lè rí ìyẹn ṣe láéláé. Irọ́ kankan kò di òótọ́ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé a máa ń gbọ́ "bí" bí ẹni gbọ́ "torí pé." Ẹni tó ní "bí o bá fọwọ́ kan iná, á jó ọ" ń sọ ohun tó ń fa nǹkan. Lọ́jíìkì ìpìlẹ̀ kì í bèèrè ohun tó fa nǹkan rárá. Ohun kan ṣoṣo ni ọfà tí ẹ rí nínú ìwé yín, →, ń sọ: kò ní ṣẹlẹ̀ pé kí apá àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́, kí apá kejì sì jẹ́ irọ́. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, gbólóhùn náà kùnà. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, kò kùnà, gbólóhùn tí kò bá sì kùnà, òótọ́ là ń pè é, torí kò sí ìkẹta láàárín òótọ́ àti irọ́ nínú lọ́jíìkì yìí.

Ẹ̀yin náà ń ronú bẹ́ẹ̀. Ìdánwò kan wà tí Peter Wason, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣèwádìí lórí bí ènìyàn ṣe ń ronú, gbé jáde ní 1966. Òun ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì mi. Káàdì mẹ́rin wà lórí tábìlì, lẹ́tà lójú kan, nọ́ńbà lójú kejì. Ohun tó kọjú sókè ni E, K, 4 àti 7. Òfin rẹ̀ rèé: bí fáwẹ́ẹ̀lì bá wà lójú kan, nọ́ńbà tó ṣe é pín sí méjì láìṣẹ́kù ló gbọ́dọ̀ wà lójú kejì. Àwọn wo lẹ máa ṣí láti mọ̀ bóyá wọ́n rú òfin yìí?

Ọ̀pọ̀ á ṣí E àti 4. E tọ̀nà. 4 kò wúlò, torí lẹ́tà yòówù kó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò rú òfin. 7 ló yẹ kí wọ́n ṣí, nítorí pé bí fáwẹ́ẹ̀lì bá wà lẹ́yìn rẹ̀, òfin ti bàjẹ́. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló máa ń gbà á.

Ṣùgbọ́n K ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà lọ síbẹ̀. Tí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní, "K kì í ṣe fáwẹ́ẹ̀lì, òfin ò kàn án." Ohun tó wù kó wà lẹ́yìn K, wọ́n ti gbà pé òfin dúró. Ìlà méjì tí kò yé ọ̀rẹ́ yín nínú tábìlì òótọ́ àti irọ́ (àtẹ tó ń to ìgbà tí gbólóhùn jẹ́ òótọ́ àti ìgbà tó jẹ́ irọ́ sí ìlà-ìlà) gan-an nìyẹn, ìlà méjì tí apá àkọ́kọ́ ti jẹ́ irọ́.

Ẹ tún wo èyí: "Bí nọ́ńbà kan bá ṣe é pín sí mẹ́rin láìṣẹ́kù, ó ṣe é pín sí méjì." Kò sẹ́ni tó máa jiyàn rẹ̀. Ó ní láti jẹ́ òótọ́ fún gbogbo nọ́ńbà nígbà náà. Ẹ fi 8 sí i: òótọ́, òótọ́. Ẹ fi 6 sí i: irọ́, òótọ́. Ẹ fi 7 sí i: irọ́, irọ́. Bí ẹ bá pe ti 6 tàbí ti 7 ní irọ́, ẹ ti ba òfin tí ẹ̀yin fúnra yín gbà jẹ́.

Àríyànjiyàn lórí ìtumọ̀ "bí" ti pẹ́ o. Philo ará Megara, onímọ̀ ọgbọ́n orí ilẹ̀ Gíríìsì, ló gbé ìtumọ̀ yìí kalẹ̀ ní nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn, Diodorus Cronus olùkọ́ rẹ̀ kò sì gbà fún un. Ó gbóná débi pé akéwì Callimachus ní àwọn kannakánná orí òrùlé pàápàá ń ké nípa rẹ̀.

Ibì kan wà tí n kò ní gbà kí ẹ gbé tábìlì òótọ́ àti irọ́ yẹn dé: ọ̀rọ̀ "ká ní" àti "ìbá." Ẹni tó ní "ká ní mo tètè dé ni, ǹ bá rí i" ti mọ̀ pé òun kò tètè dé. Tí a bá fi ọfà wọ̀n ọ́n, òótọ́ ni yóò jẹ́, "ká ní mo tètè dé ni, ǹ bá má rí i" náà yóò sì jẹ́ òótọ́. Ìyẹn kò bọ́ sí i. Ìlànà mìíràn ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń béèrè; David Lewis, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Amẹ́ríkà, kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1973.

Ní ti iṣẹ́ yín, "if" tí ẹ ń kọ fún kọ̀ǹpútà sábà máa ń jẹ́ àṣẹ: bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ṣe tọ̀hún, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, fò ó. Àṣẹ kì í jẹ́ òótọ́, kì í sì í jẹ́ irọ́, nítorí náà ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ọfà. Tó bá sì jẹ́ "bí" inú ìwé àdéhùn lẹ fẹ́ túmọ̀, ẹ má fi ohun tí mo kọ síbí ṣe é, agbẹjọ́rò ni kí ẹ lọ bá.

Fún ọ̀rẹ́ yín, ẹ gé páálí mẹ́rin, ẹ kọ E, K, 4 àti 7 sí wọn, kí ẹ gbé wọn síwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tí kò fi ṣí K.