Ẹ Bi Wá: Géèmù Tòkúnbọ̀ Tó Kọ̀ Láti Tàn

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi fi Xbox 360 ránṣẹ́ sí wa láti Houston. A fi pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí i lẹ́nu, a tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Iná pupa ló tàn lára bíríìkì rẹ̀ (àpótí tó wà lára wáyà iná rẹ̀), géèmù ò sì tàn. Ṣé ó ti jóná ni? (Láti Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dárò rẹ̀. Ẹnu lásán ni pulọ́ọ̀gì yẹn pààrọ̀, kò dín agbára iná kù. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ bíríìkì náà: ti Amẹ́ríkà jẹ́ 100–127V, bẹ́ẹ̀ 230V ni iná ilé wa, lọ́jọ́ tó bá pé. Ó lè jẹ́ bíríìkì nìkan ló fara gbá a, torí 12V péré ló ń fún géèmù fúnra rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ ra tiransifọ́mà tó ń fa 220V wálẹ̀ sí 110V. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ fún bíríìkì 203W, ẹ ra ti 500W, torí ti olówó pọ́ọ́kú kì í sábà pé iye tí wọ́n kọ sí i lára. Ó wúwo, ó ń gbóná, lọ́jọ́ kan ṣá, ọmọ kan á gbàgbé, á ki géèmù bọ ara ògiri tààrà.

Lójú tiwa, bíríìkì 220–240V ló yẹ kí ẹ rà. Kí ẹ tó náwó, ẹ wo ẹ̀yìn géèmù. Bí ẹ bá rí 16.5A, bíríìkì 203W ni; bí ó bá jẹ́ 14.2A, ti 175W ni; bí ó bá jẹ́ 12.1A, ti 150W ni. Ẹ má ra èyí tó kéré sí i. Ẹnu wọn yàtọ̀ síra, bí kò bá wọlé wẹ́rẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ gé e. Xbox 360 S, irú tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó jáde lẹ́yìn náà, ní bíríìkì tirẹ̀ lọ́tọ̀, 10.83A.

Ìbéèrè: Xbox 360 Amẹ́ríkà wa ń tàn, ṣùgbọ́n ó kọ díìsì tí ẹ̀gbọ́n mi rà ní London. (Láti Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná. Ẹni tó ṣe géèmù ló pinnu bóyá díìsì rẹ̀ á ṣiṣẹ́ níbi gbogbo tàbí ní agbègbè kan. Ẹ wo iwájú páálí rẹ̀: nọ́ńbà bíi 3, 12 tàbí 18 pẹ̀lú PEGI (àmì ọjọ́ orí tó yẹ fún géèmù), ti Yúróòpù ni, lẹ́tà E, T tàbí M, ti Amẹ́ríkà ni. Ti Amẹ́ríkà ni kí ẹ máa rà. PS4, PS5 àti Switch kì í ṣe irú wàhálà yìí, àmọ́ lórí PS4, àfikún géèmù tí ẹ bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bá agbègbè díìsì mu, káàdì owó sì gbọ́dọ̀ bá orílẹ̀-èdè àkáǹtì yín mu.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí àwòrán géèmù Amẹ́ríkà wa fi rí dúdú àti funfun lórí tẹlifíṣọ̀n wa àtijọ́? (Láti Ọ̀ṣogbo)

Ìdáhùn: Ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà gbé àwòrán aláwọ̀ dé tẹlifíṣọ̀n ni NTSC àti PAL. NTSC ni géèmù Amẹ́ríkà ń gbé jáde lójú wáyà oní-yẹ́lò, PAL nìkan sì ni tẹlifíṣọ̀n yín mọ̀. Ẹ lo wáyà HDMI bí géèmù àti tẹlifíṣọ̀n bá ní ihò rẹ̀, tàbí tẹlifíṣọ̀n tó gba méjèèjì.