Ọkọ̀ ń lọ tààrà, táyà ń jẹ nínú

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2020 ni mò ń wà, tòkúnbọ̀ ni, kò tí ì pé ọdún méjì lọ́wọ́ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, iṣẹ́ sì máa ń gbé mi lọ sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Táyà iwájú méjèèjì ń jẹ láti inú. Bí èèyàn bá dúró níta wò wọ́n, á rò pé tuntun ni. Mo ti pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún ti jẹ. Ọkọ̀ náà kì í fà sọ́tùn-ún, kì í fà sósì, sítíárìn dúró dáadáa, torí náà kì í ṣe alignment. Fọkanáísà mi ní Tákìé ní táyà féèkì ni wọ́n ń tà fún mi, pé kí n jẹ́ kí òun tú u, kí òun yí inú rẹ̀ síta. Irú táyà wo ni kí n rà tí kò ní jẹ?

Ìdáhùn: Ẹ má tí ì ra táyà kankan. Ibi tí ẹ ti ní “torí náà kì í ṣe alignment” yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń béèrè irú ìbéèrè yìí ti ń fi owó ṣòfò.

Pé ọkọ̀ ń lọ tààrà kò sọ pé táyà ń wo iwájú tààrà. Ohun tó sọ kò ju pé tọ̀tún tòsì dọ́gba lọ. Alignment ni wíwọ̀n àti títọ́ bí táyà ṣe kọjú àti bó ṣe dúró. Nínú ohun tó ń wọ̀n, méjì ló kan ọ̀rọ̀ yín. Toe ni bí ojú táyà ṣe yà sínú tàbí síta, tí ẹ bá ń wò ó láti òkè. Camber ni bí orí táyà ṣe fì sínú tàbí síta, tí ẹ bá dúró níwájú ọkọ̀. Ẹ̀kẹta tó ń jẹ́ caster wà níbẹ̀ o, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ táyà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Bí táyà ọ̀tún bá yà síta díẹ̀, tí tòsì náà sì yà síta ní ìwọ̀n kan náà, ọ̀kan á máa fa ọkọ̀ sọ́tùn-ún, èkejì á máa fà á sósì, agbára wọn á dọ́gba. Sítíárìn ò ní mọ nǹkan kan. Ẹni tó ń ya ẹsẹ̀ méjèèjì rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ á dé ọjà tó ń lọ láìṣìnà, ṣùgbọ́n ẹ yí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táyà irú ọkọ̀ yín ga tó nǹkan bíi 630 mm láti ilẹ̀ dé orí. Bí iwájú táyà kan bá fi 3 mm péré yà síta ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, ní kìlómítà kan tí ẹ bá rìn, ó ti fẹ̀gbẹ́ ha ilẹ̀ tó bíi mítà 5. Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn tó nǹkan bíi 100 km. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kìlómítà tí ẹ fi ń ha rọ́bà mọ́ ọ̀dà, àlọ nìkan nìyẹn. Kò sí táyà, olówó gọbọi tàbí pọ́ọ́kú, tó máa gba ìyẹn mọ́ra. Bí ojú táyà bá yà síta, etí inú ló máa jẹ, bíi tiyín gẹ́lẹ́. Bó bá yà sínú, etí ìta ni.

Bákan náà, ọkọ̀ tó ń fà lè má ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú alignment: afẹ́fẹ́ táyà kan lè kéré, búréèkì kan lè máa dì. Títì pàápàá máa ń dà sí etí kí omi òjò lè ṣàn lọ.

Ẹ yí sítíárìn dé ìpẹ̀kun kí ẹ lè rí inú táyà dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó bóyá wáyà inú rọ́bà ti yọ, nítorí ó máa ń gún èèyàn lọ́wọ́. Bí kò bá sí wáyà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà láti inú bọ̀ síta, kí ẹ tún rà á láti ìta padà sínú. Bó bá ń jọ̀lọ̀ ní àlọ tó sì ń ha ọwọ́ ní àbọ̀, toe ni. Bó bá jọ̀lọ̀ tàlọ tàbọ̀, àmọ́ tí etí inú kàn dà gẹ̀rẹ́ wálẹ̀, camber ni kí ẹ fura sí. Etí méjèèjì ló jẹ, àárín ò jẹ: afẹ́fẹ́ ń kéré. Àárín nìkan ló jẹ: afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ kòtò-kòtò yí po, ẹ wo ṣọ́ọ̀kù àti balancing.

Balancing kì í sì í ṣe alignment, ẹ jọ̀ọ́. Òjé kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ rímù ni, kí sítíárìn má baà máa gbọ̀n nígbà tí eré bá ti kọjá nǹkan bíi 80 km/h. Kò lè tọ́ ojú táyà sọ́nà.

Wàyí o, ká lé akátá jìnnà ná ká tó fàbọ̀ fún adìyẹ. Kòtò kan ṣoṣo lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ bá já sí i lórí eré, tó láti tẹ táì-rọ́ọ̀dù (irin tó so sítíárìn mọ́ táyà) tàbí kó ya bùṣíǹgì (rọ́bà) áàmù ìsàlẹ̀, irin tó di táyà mú lábẹ́ ọkọ̀. Bùṣíǹgì tó ya yìí ló máa ń tan èèyàn jù. Bí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́ lórí ẹ̀rọ alignment, áàmù á jókòó sáyè rẹ̀, ìwọ̀n á sì bọ́ sójú ẹ̀. Ẹ wá tẹ búréèkì lójú títì, áàmù á sún sẹ́yìn, táyà á yà. Àwọn tó ń ṣe alignment léraléra tí táyà ṣì ń jẹ, ibẹ̀ ni kí wọ́n wò.

Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi jáàkì gbé táyà kúrò nílẹ̀, kó sì gbé ọkọ̀ lé sítáǹdì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Kó di ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì táyà mú, kó máa tì í, kó máa fà á. Bó bá ń mì, tó ń dún kọ̀-kọ̀, táì-rọ́ọ̀dù ni. Kó tún di òkè àti ìsàlẹ̀ mú: bó bá mì níbẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ǹtì tàbí bíárìn ni. Kó wá fi irin gígùn ti áàmù, kó wò bóyá rọ́bà bùṣíǹgì ti là. Ohun tó bá ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún alignment.

Tí ẹ bá dé ìdí ẹ̀rọ, ẹ má jókòó sínú ọkọ̀ kí ẹ máa tẹ fóònù. Ẹ wò ó bóyá táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n so ohun tí ẹ̀rọ fi ń wọ̀n mọ́. Corolla àtijọ́, bíi ti 2005, irin kan gbọọrọ ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi mọ́ àwọn oníṣẹ́ lára láti ṣe iwájú nìkan. Ti 2020 tó bá wá láti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní áàmù tirẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa kọ́kọ́ wọ̀n, iwájú á wá bá a mu. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa lè fi okùn wọn toe iwájú, mi ò jiyàn ìyẹn, àmọ́ okùn ò ní sọ ti camber fún yín.

Búùtù gbọ́dọ̀ ṣófo, afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó di táì-rọ́ọ̀dù mú ni wọ́n máa tú. Bí wọn ò bá dè é padà kó le, ohun tí ẹ sanwó fún lè ti tú kí ẹ tó dé Ọ̀yọ́. Ẹ gba ìwé tó ń jáde lára ẹ̀rọ, tó fi bí wọ́n ṣe bá a àti bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ hàn. Bí camber bá ṣì pupa lórí ìwé, ìyẹn ni pé kò tíì bọ́ sí ìwọ̀n, lára ọ̀pọ̀ Toyota, kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn ń fi sípánà yí níwájú. Ó lè jẹ́ pé irin kan ti tẹ̀, tàbí pé ẹnìkan ti gé sípríǹgì, tàbí pé wọ́n fi rọ́bà gbé ọkọ̀ sókè nítorí kòtò. Bó bá sì jẹ́ pé iná VSC (ti ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀) tàn lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ẹ má yọ wáyà kankan. Onísìkánà, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò, ló máa tún òdo sítíárìn ṣe, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mọ̀ sí tààrà.

Ní ti ọ̀rọ̀ fọkanáísà yín: táyà tí wọ́n kọ OUTSIDE tàbí tí wọ́n ya ọfà sí lára, wọn kì í dédé yí inú rẹ̀ síta. Èyí tó ṣeé yí pàápàá, etí kejì ló máa jẹ bí toe ò bá tíì tọ́. Bí wáyà bá ti yọ, ẹ má gbé e sẹ́yìn, ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì fi lọ Ìbàdàn lọ́sẹ̀ yìí. Afẹ́fẹ́ tí ẹ máa fi sí i, etí ilẹ̀kùn dírẹ́bà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà ni èyí tó pọ̀ jù tó lè gbà. Òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Mi ò fojú rí ọkọ̀ yín, torí náà ẹni tó bá gbé e sókè ló máa sọ èyí tó kú gan-an. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rìn bíi 1,000 km lórí táyà tuntun, ẹ tún fi àtẹ́lẹwọ́ rà á.