Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí: ṣé kí ojú máa tì mí ni?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa dé òkè òkun. Níbi tí a wà, owó tí wọ́n ń gbà láti bá èèyàn ṣiṣẹ́ ilé kò wọ́n rárá lójú tiwa. Obìnrin kan ń gbálẹ̀, ó ń fọṣọ, ó ń dáná, ọ̀dọ̀ wa ló sì ń sùn. Ara tù mí gan-an, àmọ́ ojú ń tì mí. Àwọn tí a jọ jẹ́ àjèjì níbí sọ fún ọkọ mi pé kó gba páásípọ́ọ̀tù obìnrin náà pamọ́ kó má baà sá lọ, ó sì fẹ́ gbọ́ tiwọn. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ páásípọ́ọ̀tù yẹn ò ṣe é dá dúró. Bí ọkọ rẹ bá ti gbà á, kó dá a padà lálẹ́ òní. Lọ́dún 2011, àjọ ILO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé ṣe Àdéhùn 189 nítorí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé, ó sì wà níbẹ̀ pé ẹ̀tọ́ wọn ni kí ìwé ìrìnnà wọn wà lọ́wọ́ ara wọn. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ti fọwọ́ sí i, àmọ́ ẹni tí kò lè dìde kó máa lọ, inú ìgbèkùn ló wà.

Ní ti ìtìjú, mi ò rí ohun tó fà á. Èmi náà gbé ilẹ̀ òkèèrè rí, ẹnì kan sì ń bá mi ṣe ilé. Mo mọ bó ṣe ń rí lára kéèyàn ti ibi iṣẹ́ dé, kó bá aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kó wá ráyè jókòó ti ọmọ rẹ̀ láìkánjú. Gbádùn ẹ̀ dáadáa.

Àkókò ni kó o máa ṣọ́. Iṣẹ́ ẹni tó ń sùn sọ́dọ̀ yín kì í parí bí ẹ ò bá fòpin sí i. Aago mẹ́wàá alẹ́, wàá ní kó bá ọ gbé omi wá, o rò pé kò lè pẹ́ rárá. Ó ti bọ́ra, ó ti dùbúlẹ̀, ó tún gbọ́dọ̀ wọṣọ padà! Ó kéré tán, ìsinmi wákàtí 24 láìdá a dúró ló tọ́ sí i lọ́sẹ̀, kò sì di dandan kó lò ó nínú ilé yín.

Nílé tèmi, ìwé kan wà lára fíríìjì: aago ìbẹ̀rẹ̀, aago ìparí, ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ owó, ẹni tó máa sanwó bí àìsàn bá dé. Ẹni tó ń bá mi ṣe ilé fúnra rẹ̀ ló fi èdè rẹ̀ kọ ọ́, àwa méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Bí àlejò bá pọ̀ tí iṣẹ́ kọjá àkókò, màá kọ wákàtí náà sísàlẹ̀ níṣojú rẹ̀, màá sì san án mọ́ owó oṣù.

Má wo iye tí aládùúgbò ń san. Béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi kún iye tí wọ́n bá dá. Owó agẹ́ńtì ò gbọ́dọ̀ jáde látinú owó oṣù rẹ̀ o.

Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ẹ má kó abọ́ dè é. Ìwọ, ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ ni kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ kó tó dé.