Ẹ má fi orúkọ ọmọ yín sílẹ̀ nílé-ìwé tí kò lọ

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ ní ọmọ yín obìnrin ti pé ọdún 13, pé ó ti pé ọdún méjì báyìí tẹ́ ẹ ti yọ ọ́ kúrò nílé-ìwé nílùú Oǹdó, tẹ́ ẹ ń kọ́ ọ nílé, pé nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kà ní UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tó wà l'Óǹdó. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ dá a padà sílé-ìwé tó bá kan SS1 àbí kẹ́ ẹ máa bá a lọ nílé, àti báwo lẹ ṣe máa ṣe ti físíìsì àti kẹ́mísírì. Mo rí i pé ẹnì kan ti dá yín lóhùn pé tó bá di SS3, kẹ́ ẹ kàn fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé-ìwé aládàáni kan, kó lọ bá wọn jókòó kọ WAEC. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá, aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ rán tán lọ́la, àmọ́ mi ò lè sùn láìfèsì.

Ẹ má gbà o.

Ọ̀dọ̀ àkọ́bí mi ni mo ti kọ́gbọ́n. Ó parí JSS3 tán la mú un wálé. Ìdí tá a fi mú un wálé gùn, ẹ jẹ́ n fò ó. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀kọ́ ilé lòun mọ̀ pé wọ́n ń kọ́ ọmọ nílé, òun ò gbọ́ ti áljẹ́brà rí. Àwọn ará àdúgbò ń bi mí bóyá ara ọmọ náà ni kò yá. A ò dá wọn lóhùn, a ń kàwé. Nígbà tí ọdún 2018 ń parí lọ, ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan mú wa lọ bá ẹni tó ni ilé-ìwé kan níhìn-ín l'Ákùúrẹ́. Bàbá yẹn ní kò sí wàhálà rárá. Ká san owó WAEC, ká san owó táámù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni pé ọmọ ń wá sí kíláàsì, ká tún wá san nǹkan kan tó pè ní owó ìtọ́jú. Mo bi í pé ìtọ́jú kí ni. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. WAEC máa ń gba máàkì iṣẹ́ kíláàsì lọ́wọ́ ilé-ìwé fún ọmọ tó bá forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ wọn, CASS ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn rí, ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí máàkì rẹ̀? Wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì, wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ ni. Mo mọ̀, mo dákẹ́. Torí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí mo ń bínú, ara mi wà nínú àwọn tí mò ń bínú sí.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ ìṣirò, ọmọ mi wálé, kò jẹun. Ó ní tíṣà kan wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìdáhùn fún gbogbo họ́ọ̀lù. Owó ìtọ́jú rèé o. Ó ní òun ti ṣe ju ìlàjì lọ kí tíṣà yẹn tó wọlé, pé òun ò yí ìkankan padà. Mo gbà á gbọ́, torí òun ló máa ń kọ́ àbúrò rẹ̀ ní ìṣirò nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Àmọ́ ta ló fẹ́ gba ẹ̀rí ìyá ọmọ?

Èsì jáde. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pariwo káàkiri. Tiwa, wọ́n dá a dúró, òun àti gbogbo sẹ́ńtà yẹn. Káàdì kan, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lèèyàn lè fi wo èsì. Káàdì mẹ́ta ló lò tán tó ń wo nǹkan kan náà. Mo ń rí àwọn káàdì tó ti lò tán lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ nígbà tí mo bá ń gbálẹ̀. Mo lọ bá prínsípà, ó ní kí n lọ sí ọ́fíìsì àwọn elétò ìdánwò. Mo dé ọ́fíìsì, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ bọ́ọ̀lì kò gbójú sókè, ó ní, "Màdáámù, ẹ lọ bá prínsípà yín." Mo rin ìrìn yẹn títí bàtà mi fi já. Ẹni tó ni ilé-ìwé ti pa fóònù rẹ̀. Ọjọ́ kan ni mo bá a níta, ó ní, "Ẹ fi sádùúrà." Ẹni tó gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ mi ló ń sọ fún mi pé kí n fi sádùúrà!

Máàkì JAMB rẹ̀ dára lọ́dún yẹn, ó sì ti ṣe post-UTME tán, ìyẹn ìdánwò tí yunifásítì fúnra wọn ń ṣe. Kí ni máàkì fẹ́ ṣe? Tí kò bá sí èsì O'level, ìyẹn WAEC tàbí NECO, tẹ́ ẹ máa gbé sórí ẹ̀rọ JAMB, kò sí àdámíṣọ̀n. Ọdún kan péré sì ni máàkì JAMB ń lò kó tó kú. Nígbà tó yá ni wọ́n fagi lé èsì sẹ́ńtà yẹn. A wá lọ kọ GCE, ìyẹn WAEC ti àwọn tí kò wá láti ilé-ìwé kankan, ní oṣù kìíní sí ìkejì 2020. Ó yege, kírẹ́díìtì méje. JAMB lẹ́ẹ̀kan sí i, ní oṣù kẹta. Kòrónà dé. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, dáṣẹ́ dúró ní oṣù kẹta yẹn náà, ó di ìparí oṣù kejìlá kí wọ́n tó wọlé. Ọmọ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, 2021 ló tó jókòó ní kíláàsì. Kò tíì jókòó gbóná, ASUU tún gbé oṣù mẹ́jọ ní 2022, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Mi ò lè di ti Kòrónà àti ti ASUU ru bàbá onílé-ìwé. Àmọ́ ká ní ó wọlé ní 2019, kíláàsì ni wọn ì bá ti bá a.

Èyí tó tẹ̀ lé e, obìnrin, GCE tààrà la fi í sí, a ò tún dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé kankan mọ́. Kò le rárá. Ẹ ra PIN, kàfé máa ya fọ́tò, wọ́n á gba ìtẹ̀ka, ẹ yan ìlú tẹ́ ẹ ti fẹ́ kọ ọ́, ó tán. Kò sí CASS, kò sí owó ìtọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é, ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àti ti ìdajì kejì. NECO náà ní tiwọn ní ìparí ọdún. Ẹ ṣáà ka ìlànà ọdún tiyín fúnra yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kàfé kà á fún yín.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé, NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè! Ọ̀dọ̀ èyí obìnrin yìí ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó tẹ orúkọ rẹ̀ gé "Olúwa" kúrò níwájú orúkọ ọmọ mi. Mo ní ọ̀gá, orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyí. Ó ní ọ̀kan náà ni. Mo ní báwo ló ṣe máa jẹ́ ọ̀kan náà, ṣé Olúwa kò sí níbẹ̀ mọ́ ni? Ó ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹni tó kàn. Inú NIN ni JAMB ti ń mú orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Ẹ máa fi NIN ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019 láti gba kóòdù, ohun tó bá wà nínú NIN náà ló máa yọ. Tí ti WAEC bá wá ń jẹ́ orúkọ gígùn, tí ti JAMB ń jẹ́ orúkọ gígé, ẹ ti ra iṣẹ́ nìyẹn. Owó àti oṣù mẹ́rin la fi tún un ṣe. Lọ́sẹ̀ yìí náà, ẹ kó ìwé ọjọ́ ìbí, NIN àti sátífíkéètì praímárì rẹ̀ sórí tábìlì kan, kẹ́ ẹ kà wọ́n lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ẹnì kan tún dẹ́rù bà yín pé ìjọba máa mú yín. Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà, òṣìṣẹ́ ìjọba kan l'Álágbàáká ni, ó ní ẹ̀wọ̀n ni mò ń wá. Mo wá òfin náà kà. Òfin UBE ti 2004 ni, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ló dá lé lórí, praímárì títí dé JSS3. Òbí tí kò bá rán ọmọ lọ, ìkìlọ̀ ni ti àkọ́kọ́, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan ni ìkejì, lẹ́yìn náà ₦5,000 tàbí oṣù méjì. Kò kan SS rárá. Àmọ́ ọmọ yín ò tíì kọjá JSS3, ìyẹn ni mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ wá ilé-ìwé gidi tó máa gbà á sí JSS3, kó jókòó níbẹ̀ ní ti gidi, kó kọ Junior WAEC, kó gba ìwé rẹ̀. Kì í ṣe ìforúkọsílẹ̀ lásán, kó máa jí lọ láàárọ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè fi òfin yẹn dẹ́rù bà yín mọ́. Ìwé JSS3 yẹn tún wúlò nígbà tí èyí obìnrin débi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò ní yunifásítì. Wọ́n ní testimonial dà, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí ilé-ìwé ń fún ọmọ tó bá jáde. Ìwé yẹn àti ìwé ìbúra láti kóòtù la fi bọ́, lẹ́yìn tí akọ̀wé kan ti ní ká padà wá lọ́jọ́ kejì fún ìgbà mẹ́ta.

Físíìsì àti kẹ́mísírì. Nínú GCE, wọn kì í gbé ọmọ wọ yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Orí ìwé ni wọ́n ti ń dán an wò, wọ́n á ya burette, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn omi, fún un, wọ́n á ní kó ka ibi tí omi dúró sí, kó to nọ́ńbà sínú tábìlì, kó ya gíráàfù. Àwọn kan máa sọ fún yín pé torí ìyẹn ẹ má wulẹ̀ ṣe ti gidi. Irọ́ ni. Ẹni tó fẹ́ gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ iwájú, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ nǹkan dì. Pendulum, inú ṣọ́ọ̀bù mi la ti ṣe é: òwú ìránṣọ, àgádágodo kékeré ní ìsàlẹ̀, àbúrò di fóònù mú, ó ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ jẹ́ kó mì lọ kó mì bọ̀ ní ogún ìgbà, ẹ pín àkókò yẹn sí ogún, ẹ yí gígùn òwú padà, ẹ tún ṣe é. Títí dòní tí mo bá gbé àgádágodo yẹn ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rín ló ń pa mí. Ti ìmọ́lẹ̀, gíláàsì tó nípọn àti abẹ́rẹ́ pín-ìn-nì mẹ́rin ti tó, ibi tí aránṣọ wà kò lè sí àìsí abẹ́rẹ́. Kẹ́mísírì nìkan la sanwó fún. A bá tíṣà kan tó ń bójú tó yàrá sáyẹ́ǹsì sọ̀rọ̀, Sátidé mẹ́jọ péré ni, ẹ̀fọ́ àti owó ọkọ̀ pẹ̀lú ohun díẹ̀ la fi ń dúpẹ́. Ọjọ́ tí methyl orange, aró tí wọ́n fi ń dá ásíìdì mọ̀, kọ́kọ́ yí láti yẹ́lò sí àwọ̀ ọsàn ní ẹ̀kán omi kan ṣoṣo, ọmọ mi pè mí lórí fóònù, ó ń pariwo bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Tó bá di JAMB, nọ́ọ̀sì ń béèrè Gẹ̀ẹ́sì, bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì. O'level márùn-ún ni, àwọn mẹ́rin yẹn àti ìṣirò. Ẹ lọ wo IBASS, ibi tí JAMB to ohun tí kóòsì kọ̀ọ̀kan ń béèrè sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fúnra yín, bóyá ìjókòó kan, ìyẹn èsì ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan, ni wọ́n fẹ́ àbí méjì. Ẹ má sáré rárá. Ọdún 16 ni wọ́n ń gbà báyìí. Ní 2024 wọ́n ní ọdún 18 ni, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa sunkún lórí ẹ̀, kí ọdún yẹn náà tó parí mínísítà mìíràn dé, ó ní ọdún 16 ni. Ẹ ní ọdún mẹ́ta gbáko.

Bóyá kẹ́ ẹ dá a padà ní SS1 lẹ bèèrè, mo ti rin jìnnà sí i. Tí òun fúnra rẹ̀ bá ní òun fẹ́ máa wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ òun, ẹ dá a padà. Àkọ́bí mi kò sọ, mi ò sì bi í. Ó tó oṣù mélòó kan tó fi jẹ́ pé èmi, àbúrò rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, kí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó gbà á. Tó bá ní ilé lòun fẹ́, ẹ máa bá a lọ, GCE wà.

Àwọn past question ọmọ mi ṣì wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Eku ti jẹ ẹ̀yìn ti kẹ́mísírì díẹ̀, àmọ́ àwọn ìbéèrè inú ẹ̀ pé. Tẹ́ ẹ bá ń kọjá l'Ákùúrẹ́, ẹ wá gbé e.