Èsì: Àwọn ìyá aláṣọ Lomé àti ilé iṣẹ́ Vlisco

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ọlọ́jà aṣọ lágbára rí lórí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni o! Ẹ wo àwọn ìyá aláṣọ Lomé, olú ìlú Togo, tí wọ́n ń pè ní Nana Benz, torí ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n ń gùn. Vlisco, tó wà ní Helmond nílẹ̀ Netherlands láti 1846, ló ń tẹ ankara tí wọ́n ń tà, àmọ́ àwọn ìyá yìí ló mojú oníbàárà. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n á sọ àwọ̀ tó máa tà fún ilé iṣẹ́ náà, wọ́n á sọ aṣọ lórúkọ. Ìyá kan lè gba àwòrán aṣọ kan nígbà náà tí ẹlòmíì ò gbọdọ̀ tà. Lójú tèmi, iṣẹ́ ọpọlọ gidi nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ alárọ́ọ̀bọ̀ lásán. Àmọ́ agbára yẹn dín kù: nígbà tí wọ́n gé iye owó CFA, owó tí wọ́n ń ná ní Togo, sí ìdajì ní 1994, ọjà wọ́n gógó, ayédèrú láti Ṣáínà sì tún wọlé dé.