Ẹ́ńjìnnì Bàálù Tó Ń Yí Tòun Ti Sìlíńdà: Báwo Ni Mo Ṣe Lè Ṣe Kékeré Rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Iṣẹ́ tọ́nà ni mò ń kọ́ ní Mushin. Mo rí fídíò ẹ́ńjìnnì bàálù ayé àtijọ́ kan: kì í ṣe pọ̀pẹ́là nìkan ló ń yí, gbogbo sìlíńdà ló ń bá a yí. Ibo ni epo ń gbà wọlé? Báwo ni iná ṣe ń dé ọ̀dọ̀ púlọ́ọ̀gì tí kò dúró lójú kan? Mo fẹ́ ṣe kékeré rẹ̀ tí yóò máa fi epo ṣiṣẹ́. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, Gnome lo rí yẹn, tàbí ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, bíi Le Rhône àti Clerget. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Seguin, Louis àti Laurent, ló gbé Gnome jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1908: sìlíńdà méje, agbára ẹṣin 50, ìwọ̀n rẹ̀ bíi kílò 75. Nígbà tí awakọ̀ bàálù kan, Henry Farman, fi í fò tó kìlómítà 180 níbi ìdíje bàálù ní Reims ní oṣù kẹjọ 1909, kò sẹ́ni tí kò fẹ́ ẹ mọ́. (Rotary ni wọ́n ń pe irú ẹ́ńjìnnì yìí, ṣùgbọ́n má ṣe pò ó mọ́ ẹ́ńjìnnì rotary ti ọkọ̀ Mazda o. Orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀.)

Àṣírí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kiráńkì, ọ̀pá tí písítìnì máa ń yí nínú ẹ́ńjìnnì mìíràn, ni wọ́n dè mọ́ ara bàálù, kì í yí rárá. Ikùn ẹ́ńjìnnì, sìlíńdà àti pọ̀pẹ́là ló ń yí i po. Ibi tí ọ̀pá písítìnì ti gbá kiráńkì mú yẹ̀ kúrò láàárín díẹ̀, torí náà, bí gbogbo wọn ti jọ ń yí, písítìnì á máa sún mọ́ orí sìlíńdà, á tún máa jìnnà sí i. Bàálù ìgbà náà ò sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ò tó tu ẹ́ńjìnnì lára. Sìlíńdà tó ń yí ń fẹ́ atẹ́gùn sára fúnra rẹ̀, kò nílò omi, kò nílò radiétọ̀.

Inú kiráńkì yẹn ṣófo. Ibẹ̀ ni bẹntiróò tó ti pò mọ́ atẹ́gùn ń gbà wọ ikùn ẹ́ńjìnnì, kí fáàfù kékeré kan tó wà lórí písítìnì gan-an tó gbà á sókè. Ohun tó mú wọn máa lo òróró lárà nìyẹn: bẹntiróò á fọ ọ́ìlì lásán dànù nínú ikùn, ṣùgbọ́n kì í tètè pò mọ́ òróró lárà. Ọ́ìlì náà kì í sì í padà sí táńkì. Ó ń fọ́n síta ni, ojú awakọ̀ ló ń bọ́ sí.

Ní ti iná, magneto, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún púlọ́ọ̀gì, dúró sójú kan. Kábọ̀n rẹ̀ ń fara kan òrùka kan tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Idẹ méje ló wà lára òrùka náà, wáyà idẹ tí wọn ò bo sì lọ láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan sí púlọ́ọ̀gì tirẹ̀. Báyìí ni iná ń tò: 1, 3, 5, 7, 2, 4, 6. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń gbaná lẹ́ẹ̀kan ní yíyí méjì. Bó bá jẹ́ mẹ́fà ni wọ́n, 1, 3, 5, wàá tún bá ara rẹ lórí 1, iná ò ní dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù.

Ó wá kan kékeré tí o fẹ́ ṣe. Èmi ò ní gbà kí o fi epo sí i. Gnome gidi ń yí tó ìgbà 1,200 ní ìṣẹ́jú kan. Bí sìlíńdà kan bá já lára tìrẹ lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa bà. Ṣe èyí tí a ń fi ọwọ́ yí, kí o ṣí ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ kí èèyàn lè rí inú.

Ìdámárùn-ún ti gidi dára. Ihò sìlíńdà Gnome jẹ́ mílímítà 110, ìrìn písítìnì 120. Tìrẹ á jẹ́ 22 àti 24. Kiráńkì rẹ á yẹ̀ kúrò láàárín ní 12 péré, àṣìṣe kékeré níbẹ̀ á sì hàn lára písítìnì méjèèje. Kí o tó fọwọ́ kan irin, fi sípóòkì kẹ̀kẹ́ gún páákó, gé páálí róbótó tí o la ojú tóóró méje sí, kí o fi í kọ́ sípóòkì náà. Lókè páálí, tẹ sípóòkì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní 12, kí o tún nà án sókè. Kó ọ̀já páálí méje tó gùn dọ́gba sórí rẹ̀, kí o fi igi ìṣáná gún orí wọn wọ inú ojú tí o là. Yí páálí. Igi ìṣáná tó bá dé apá ibi tí sípóòkì yà sí ló máa jáde jù.

Ibi tó máa ń ba irin jẹ́ mọ́ ọmọṣẹ́ lọ́wọ́ ni pínpín òbìrí sí méje, torí 360 kò ṣeé pín sí 7 géérégé. Fa òbìrí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 100, ṣí kọ́ńpáàsì sí 43.4, máa gbé e láti àmì dé àmì. Ìgbésẹ̀ keje gbọ́dọ̀ bọ́ sórí àmì àkọ́kọ́. Bó bá fi bíńtín ṣì í, tún kọ́ńpáàsì ṣe, má tíì lu ihò kankan.

Ọ̀pá písítìnì kan ni ìyá, òun ló fi béárìn gbá kiráńkì mú. Mẹ́fà yòókù fi píìnì rọ̀ mọ́ etí rẹ̀. Inú odidi irin ni wọ́n ti gbẹ́ sìlíńdà Gnome, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni kí o lò. Ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, wàá sì rí àlòkù rẹ̀ rà ní Owódé Onírin. Àwọn ewé tín-ín-rín tó yí sìlíńdà ká, bí ti sìlíńdà ọ̀kadà ni. Bẹ alágbẹ̀dẹ wúrà kan lọ́nà Ìdúmọ̀tà kó bá ọ wọn ìwúwo sìlíńdà méjèèje. Èyí tó bá wúwo jù, fá a díẹ̀.

Ìdí kiráńkì ni kí o dè mọ́ páákó. Bó o bá fẹ́ kó máa dá yí, mọ́tọ̀ kékeré láti inú prínta àlòkù tó o. Ikùn ẹ́ńjìnnì ni bẹ́líìtì rẹ̀ á máa fà, kí ó rọra yí kí ojú lè bá písítìnì.