Ta ló kọ "How Great Thou Art", kí ló sì ń wí?

Ẹni tó kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi ní òun gbọ́ níbi ìsìnkú kan pé Billy Graham, ajíhìnrere ará Amẹ́ríkà, ló kọ orin yìí, àti pé orin òkú ni. Inú bí mi nígbà tí mo kà á, torí èmi náà ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu olùdarí ètò, tí àwọn àgbàlagbà sì jókòó tí wọ́n ń mi orí.

Graham kò kọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Níbi ìpàdé ìjíhìnrere rẹ̀ ní New York lọ́dún 1957 ni òkìkí orin náà ti kàn, George Beverly Shea, akọrin rẹ̀, ló sì ń fi ohùn kọ ọ́ níbẹ̀. Ará Swídìn kan, Carl Boberg, ló ni ín. Lọ́dún 1885, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ń rìn bọ̀ wá sílé nítòsí Mönsterås, létí òkun, ni ojú ọjọ́ bá yí padà. Mànàmáná kọ, ààrá sán, ìjì jà, òjò dé. Kò pẹ́ tó fi dá. Boberg délé, ó ṣí fèrèsé, omi ti parọ́rọ́, ẹyẹ ń ké nínú igbó, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún láti òdìkejì. Ohun tó kọ nítorí ọjọ́ yẹn jẹ́ ẹsẹ mẹ́sàn-án.

Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa òjò yẹn kò lè mọ ohun tí orin náà ń wí. Lédè Swídìn, ègbè rẹ̀ kò sọ pé ọkàn ń kọrin. Ó ní ọkàn bẹ́, ìyìn tú jáde: "Ìwọ Ọlọ́run ńlá!" Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ó bẹ́, bí ojú ọjọ́ ṣe bẹ́. Ọkùnrin yẹn kò jókòó máa ṣàlàyé bí Ọlọ́run ṣe tóbi tó fún ẹnikẹ́ni. Ó ń kì í ni! Àwa Yorùbá ló yẹ kó tètè yé jù. Bí a bá dé iwájú ọba, a kì í ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó dúró tì wá. Òun gan-an là ń dọ̀bálẹ̀ fún, tí à ń pè ní Kábíyèsí.

Màmá mi àgbà, tí mo gbé lọ́dọ̀ wọn ní kékeré, kì í jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí ààrá bá ń sán. Wọ́n á fi aṣọ bo dígí, wọ́n á kó gbogbo wa sí yàrá kan, òjò á máa lu páànù kíkankíkan. Bó bá dá, tó jẹ́ pé omi tó ń kán létí òrùlé nìkan là ń gbọ́, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Ọlọ́run, o tóbi o." Àwa kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ìta ni wọ́n kọjú sí. Mo ti gbọ́ orin Boberg lẹ́nu wọn kí n tó gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bó ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ wa kò gùn: Manfred von Glehn tú u sí èdè Jámánì ní 1907, Ivan Prokhanov tú u sí èdè Rọ́ṣíà, Stuart Hine, míṣọ́nnárì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́ ọ ní Yukréìn, ó sì sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Hine fúnra rẹ̀ ló kọ ẹsẹ kẹta àti ìkẹrin ti Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló kọ ìkẹrin tí ẹ fi ń sin òkú, èyí tó ní Kristi máa wá mú òun lọ sílé, nígbà tí àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn ń béèrè pé ìgbà wo làwọn máa padà sílé. Ẹnu alààyè ni "ilé" inú ẹsẹ yẹn ti jáde wá!

Ṣùgbọ́n lóde òní, a ó kọ ẹsẹ kìíní, a ó fò sí ìkẹrin, wọ́n á sì gbé pósí wọlẹ̀. Ẹsẹ kejì, tó ní igbó, ẹyẹ, òkè àti odò, ni a ń fò. Mo ní kí àwọn ọ̀dọ́ akọrin ìjọ wa kà á fún mi lọ́dún tó kọjá. Ara ògiri, níbi tí wọ́n máa ń tan ọ̀rọ̀ orin sí, ni gbogbo wọn kọ́kọ́ wò, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀.